Zion, Bryce àti Grand Canyon pẹ̀lú ìyá àgbà àti ọmọ kékeré: kí ni owó ẹnu ọ̀nà ń rà?

Bí ẹbí kan bá ní ìyá àgbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu, ọmọ ọdún méje tí kì í dúró lójú kan, àti ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tó dá a lójú pé agbára òun kò tíì dín, Zion ni kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí nínú àwọn páàkì ọ̀gbun tó wà ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Kì í ṣe pé Zion rẹwà ju Grand Canyon lọ. Bọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló fà á. Ẹni tó bá rẹ̀ yóò wọ bọ́ọ̀sì padà, ẹni tí kò tíì rẹ̀ yóò máa bá ìrìn rẹ̀ lọ, kò sì ní sí ẹni tí yóò jókòó sínú ọkọ̀ gbígbóná máa retí àwọn yòókù.

Iṣẹ́ tí páàkì ń ṣe fún àlejò ni a ń yẹ̀ wò: bọ́ọ̀sì, omi ẹ̀rọ, ọ̀nà ẹsẹ̀, àti owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà. Àpáta kò béèrè àyẹ̀wò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí a ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹbí Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ tí ọmọ wọn ti fìdí kalẹ̀ lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì fẹ́ kó bàbá, ìyá àti àwọn ọmọ jáde nígbà ìsinmi. Ọ̀rọ̀ físà kò sí níbí. Ìyẹn ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti owó, nítorí òun ló yí padà jù. Ọkọ̀ kan ń san dọ́là 35 ní Zion, bẹ́ẹ̀ náà ní Bryce àti Grand Canyon, owó kọ̀ọ̀kan sì ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹẹrẹ 2026, ẹni tí kì í gbé ní Amẹ́ríkà, tó sì ti pé ọdún 16, ń fi dọ́là 100 lé e lórí ní páàkì 11 tí èrò ń wọ́ lọ jù. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a dárúkọ wà nínú wọn. Bàbá, ìyá àti àbúrò kan tí wọ́n ti Àjàṣẹ́ wá, dọ́là 300 nìyẹn ní ẹnu ọ̀nà Zion nìkan, kí wọ́n tó fojú kan Bryce. Káàdì ọlọ́dún ló bọ́gbọ́n mu: dọ́là 80 fún ẹni tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, dọ́là 250 fún àlejò òkèèrè. Dọ́là 250 ju 130,000 fáráǹkì CFA lọ, ó dun ni, àmọ́ ó ń bo àwọn tó bá ẹni tó ni ín wọ ọkọ̀ kan náà, ó sì gbà wọ́n wọ gbogbo páàkì ìjọba àpapọ̀ fún odidi ọdún kan láìsan dọ́là 100 náà mọ́.

Ohun méjì tí ọ̀pọ̀ ẹbí máa ń gbàgbé: bàbá tàbí ìyá tó ti pé ọdún 62, tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà tàbí tó ní green card, lè gba káàdì àgbàlagbà ní dọ́là 20 fún ọdún kan, tàbí dọ́là 80 títí ayé. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kẹrin ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà ní káàdì ọ̀fẹ́ tirẹ̀, tí yóò gba gbogbo ará ọkọ̀ wọlé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba ti ọmọ yìí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kí ẹ tó kúrò nílé.

Ó yá, bọ́ọ̀sì. Láti ọdún 2000 ni bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ ní Zion. Ọ̀nà tó wọ inú ọ̀gbun náà tóóró, kò já síbì kankan: ibi tí ọkọ̀ bá gbà wọlé náà ni yóò gbà jáde. Nígbà tí èrò pọ̀, ọkọ̀ ń dí ara wọn lọ́nà láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ní báyìí, ní gbogbo àsìkò tí bọ́ọ̀sì bá ń ṣiṣẹ́, láti nǹkan bí oṣù Ẹrẹ́nà títí wọ oṣù Bélú, ọkọ̀ ara ẹni kò gbọdọ̀ wọ ojú ọ̀nà Zion Canyon Scenic Drive. Lọ́dún 2024 ni wọ́n parí pípààrọ̀ àwọn ògbólógbòó tó ń lo gáàsì sí bọ́ọ̀sì 30 tó ń lo bátìrì. Kò pariwo, kò rùn, kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn sì ń wọ inú rẹ̀ láìsí wàhálà.

Ibùdókọ̀ mẹ́sàn-án ló wà. Láti ìkíní ní Visitor Center, ilé ìgbàlejò páàkì, dé ìkẹsàn-án ní Temple of Sinawava, ìṣẹ́jú 45 ni. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ìforúkọsílẹ̀. Ẹ lè sọ̀ kí ẹ tún wọ òmíràn, iye ìgbà tó bá wù yín. Omi ẹ̀rọ tó ṣeé mu wà ní ìkíní, ní Museum, ní Zion Lodge tó jẹ́ ìkarùn-ún, ní The Grotto tó jẹ́ ìkẹfà, àti ní ìkẹsàn-án. Èyí wúlò gan-an, nítorí kò sí ìdí tí èèyàn kan fi máa ru omi gbogbo ẹbí láti òwúrọ̀.

Níbo ló ti ń bàjẹ́? Òwúrọ̀ ni. Nígbà tí ilé ìwé bá wà ní ìsinmi, ibi ìgbọ́kọ̀sí Visitor Center sábà máa ń kún kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ẹbí tó bá jáde ní aago mẹ́wàá yóò máa yípo lójú oòrùn, ìbínú á sì ti dé kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀. Ìlú Springdale tó fara kan ẹnu ọ̀nà páàkì ni àbáyọ: ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tí ẹ sùn, ẹ wọ bọ́ọ̀sì ìlú náà, ọ̀fẹ́ lòun náà, yóò já yín sí ẹnu ọ̀nà àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Ibi kejì tó ti ń bàjẹ́ ni bọ́ọ̀sì ìkẹyìn. Aago rẹ̀ ń yí láti oṣù dé oṣù, ẹ kò lè gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ yín tó lọ lọ́dún tó kọjá bá sọ. Ẹni tó bá pàdánù rẹ̀ ní ibùdó ìkẹsàn-án, ìrìn tó ju kìlómítà mẹ́wàá lọ ló kù fún un nínú òkùnkùn, fóònù kò sì ní ràn án lọ́wọ́ nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò wọ inú ọ̀gbun. Ẹ fi fóònù ya àwòrán àkókò bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ní Visitor Center, kí ẹ sì fojú sí èyí tó ṣáájú ìkẹyìn, nítorí ìkẹyìn ni gbogbo ayé ń retí.

Ìyá àgbà, ibùdó ìkẹsàn-án ni kí ẹ mú wọn lọ. Riverside Walk bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n tẹ́ dáadáa, kìlómítà 3.5 ní lílọ àti bíbọ̀, létí odò, tí òjìji ògiri àpáta ń bò ó fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọ̀nà Pa'rus tẹ́jú jù ú lọ, nǹkan bí kìlómítà 5.6 ní lílọ àti bíbọ̀, ṣùgbọ́n òjìji kò sí níbẹ̀, òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́ nìkan ni tirẹ̀. Fún ọmọ, Lower Emerald Pool láti ibùdó karùn-ún: kìlómítà méjì péré ní lílọ àti bíbọ̀, omi ń kán láti orí àpáta, ọ̀nà sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ sọ fún ọmọ náà kí ẹ tó débẹ̀ pé wọn kì í wẹ̀ nínú adágún yẹn, ẹkún á dín. Ìwé pélébé Junior Ranger tún wà ní Visitor Center, ọ̀fẹ́ ni: ọmọ yóò dáhùn àwọn ìbéèrè inú rẹ̀, yóò mú un padà, wọn yóò sì fún un ní báàjì. Fún ọmọ tó ń béèrè pé "a ti dé àbí a ò tíì dé", kò sóògùn tó jù ú lọ.

Angels Landing, ṣóńṣó àpáta kan ní Zion, ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin yóò máa dárúkọ láti orí bọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Igbe 2022, kò sẹ́ni tó ń débẹ̀ láìní ìwé àṣẹ. Lọ́tìrì ni wọ́n fi ń pín in lórí recreation.gov: dọ́là mẹ́fà láti fi orúkọ sí i, ì báà jẹ́ èèyàn mẹ́fà lẹ fẹ́ kọ, lẹ́yìn náà dọ́là mẹ́ta lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ẹ bá jẹ. Lọ́tìrì oníṣáájú wà tí wọ́n ń ta ní oṣù mélòó kan ṣáájú, èyí tí wọ́n ń ta ní ọjọ́ kan ṣáájú náà wà. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán ni ti ìgbẹ̀yìn yìí ń tì, èsì á sì jáde ní aago mẹ́rin. Ìrìn náà jẹ́ kìlómítà 8.7, ìgòkè rẹ̀ sì jẹ́ mítà 453. Nǹkan bí mítà 800 tó kẹ́yìn kí èèyàn tó dé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀: ẹ̀yìn àpáta tóóró, ṣéènì lọ́wọ́, òfìfo lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Èèyàn ti kú níbẹ̀. Kì í ṣe ibi ọmọdé, ká má fi ọ̀rọ̀ dùn ún. Scout Lookout tó wà ṣáájú ṣéènì kò gba ìwé àṣẹ, ohun tí ojú ń rí níbẹ̀ sì tó ohun tí ẹsẹ̀ rìn.

Ibi tó yẹ ká fara balẹ̀ sí jù ni The Narrows. Níbi tí Riverside Walk ti parí, odò Virgin fúnra rẹ̀ ló di ọ̀nà. Ẹ ó máa rìn nínú omi láàárín ògiri àpáta méjì. Kò sí ìwé àṣẹ fún ẹni tó ń lọ láti ìsàlẹ̀ tó sì ń padà lọ́jọ́ náà, nítorí náà gbogbo èèyàn ló ń wọ̀ ọ́, títí kan ẹni tó wọ sálúbàtà. Sálúbàtà kọ́. Òkúta ìsàlẹ̀ odò náà róbótó, ó ń yọ̀, kò sì jókòó pinpin: ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, á yí, ọrùn ẹsẹ̀ á há sáàárín méjì. Bàtà tó bo ọmọ ìka, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, ni ẹ nílò, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn àti ọ̀pá tó ga dé àyà. Àwọn ṣọ́ọ̀bù Springdale ń yáni ní bàtà odò, ìbọ̀sẹ̀ rọ́bà àti ọ̀pá igi, owó náà sì tọ́, nítorí bàtà ìrìn kan ṣoṣo tí ẹ bá rì sómi lónìí, òun náà ni yóò bó yín lẹ́sẹ̀ lọ́la ní Bryce. Bí a ṣe ń lo ọ̀pá náà: ẹ gún un sí apá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kì í ṣe ibi tó ń ṣàn lọ, ẹ fara tì í, ẹ fi ẹsẹ̀ kan wá ibi tó dúró, kí ẹ tó gbé èkejì. Nínú ẹsẹ̀ méjì àti ọ̀pá kan, méjì gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ nígbà gbogbo. Omi tó dé itan àgbàlagbà, àyà ni fún ọmọ ọdún méje. Níbẹ̀ ni ìrìn ọmọ náà parí sí.

Òjò tó ń pani nínú ọ̀gbun kì í sábà rọ̀ síbi tí èèyàn dúró sí. Ó lè rọ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà sókè, kí ojú ọ̀run orí yín mọ́ kedere. Ilẹ̀ pupa Àjàṣẹ́ ń mu omi. Àpáta aṣálẹ̀ kì í mu ún, gbogbo rẹ̀ ló ń rọ́ wá sínú ọ̀gbun tóóró kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oṣù Agẹmọ sí Ọ̀wẹ́wẹ̀ ló burú jù. Bí omi tó mọ́ bá ṣàdédé di ẹrẹ̀, bí ewé àti igi kéékèèké bá ń ṣàn kọjá, bí ó bá ga sí i, tàbí bí ẹ bá gbọ́ ìró bí ààrá tí kò dáwọ́ dúró, ẹ má ṣe sáré padà gba inú odò. Ẹ gun ibi gíga tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ dúró síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ páàkì ń ti ọ̀nà náà bí omi bá ti ju 150 ẹsẹ̀-kúbíìkì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bí lítà 4,250. Nítorí yìnyín tó ń yọ́ lórí òkè, ẹni tó bá dé ní oṣù Igbe tàbí Èbìbí lè bá a ní títì. Ó tún ku ọ̀kan: ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín kan ń hù nínú odò náà tó ń tu májèlé, àsẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi kò sì lè mú un kúrò. Ẹ má mu ún, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ri ojú bọ̀ ọ́.

Bryce kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ kan tó o. Òtútù tó ń sọ omi inú àpáta di yìnyín lóru tí oòrùn sì ń yọ́ ọ lọ́sàn-án ló gbẹ́ àwọn òpó àpáta pupa tí èèyàn ń wá wò níbẹ̀, nítorí náà ẹ mú súẹ́tà lọ, kódà ní oṣù Èbìbí. Etí ọ̀gbun náà ga tó mítà 2,400 sí 2,700. Ẹni tó ti etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ dé yóò máa mí gúlegúle lórí àtẹ̀gùn kékeré, kò túmọ̀ sí pé àìsàn ń ṣe é. Ìyá àgbà lè rìn láti Sunrise Point dé Sunset Point, kò tó kìlómítà kan, wọ́n tẹ́ ẹ, ó tẹ́jú, gbogbo ohun tí wọ́n wá wò ló sì hàn láti ibẹ̀. Àwọn yòókù, ẹ sọ̀kalẹ̀ gba Queen's Garden, ẹ gòkè gba Navajo Loop, kìlómítà 4.6 lápapọ̀. Ẹ má yí i po: Navajo dà gan-an, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ẹni tó bá ń gùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dì í mú, ẹni tó bá ń sọ̀ ọ́, ó ń yọ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti jẹ tán ló ń dá ọ̀pọ̀ àlejò lápá àti lẹ́sẹ̀ ní Bryce. Ẹ yí bàtà yín dojú dé kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ wo eyín rẹ̀.

Grand Canyon ńkọ́? Ẹni tó bá ti gun òkè Ṣábẹ̀ rí mọ bí ara ṣe ń kìlọ̀: ìgòkè ló kọ́kọ́ dé, bí ó bá rẹ̀ ọ́ o yí padà, ìsọ̀kalẹ̀ á sì gbé ọ délé. Grand Canyon dojú ìlànà yìí délẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ṣáájú, láàárọ̀, nígbà tí ara ṣì tutù tí ẹsẹ̀ ń fò. Ìgòkè kẹ́yìn, lọ́sàn-án, nígbà tí omi ti tán. Bí ẹ bá fi wákàtí kan sọ̀kalẹ̀, ẹ ka méjì fún ìgòkè. Bí ẹ sì ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni ooru ń pọ̀: South Rim, etí gúúsù ọ̀gbun náà, ga tó mítà 2,100, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tura nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, oṣù Òkúdù sí Ògún, ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ létí odò Colorado ó ń ju 40°C lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ páàkì kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti lọ dé odò kó sì padà lọ́jọ́ kan náà, wọ́n sì ní kí ẹ má wà lójú ọ̀nà ìsàlẹ̀ láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kì í ṣe ẹni tó lera jù nínú ẹbí ni yóò pinnu ibi tí ẹ ó yí padà. Ẹni tí ìgòkè yóò le fún jù ni kó pinnu rẹ̀, kó sì pinnu rẹ̀ lókè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ibi méjì la fọwọ́ sí fún ẹbí. Ọ̀nà South Kaibab dé Ooh Aah Point: kìlómítà 2.9 ní lílọ àti bíbọ̀, kò sí omi rárá lójú ọ̀nà, òjìji kò sí, àmọ́ láàárín àkókò díẹ̀ ọ̀gbun náà ti ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú yín. Tàbí ọ̀nà Bright Angel dé ilé ìsinmi àkọ́kọ́: kìlómítà 4.8, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, omi ẹ̀rọ náà wà lásìkò tí kò bá sí yìnyín. Ẹni tí kò fẹ́ sọ̀kalẹ̀, Rim Trail gùn tó kìlómítà 21 létí ọ̀gbun, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni wọ́n tẹ́. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú, nítorí ọ̀pọ̀ ibi ni kò ní ìdènà.

Bọ́ọ̀sì Grand Canyon náà jẹ́ ọ̀fẹ́, àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ wọ́n. Aláwọ̀ aró wà fún inú abúlé páàkì, aláwọ̀ ọsàn ń lọ sí South Kaibab, níbi tí ọkọ̀ ara ẹni kì í dé nígbàkigbà nínú ọdún. Pupa ń lọ sí Hermits Rest láti ọjọ́ kìíní oṣù Ẹrẹ́nà títí di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Bélú. Ti pupa yìí ni àlejò ń bínú sí jù, àlejò ló sì jẹ̀bi: nígbà tó ń lọ, ó ń dúró ní gbogbo ibùdó, nígbà tó ń bọ̀, ó ń fo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹbí tó bá rìn díẹ̀ tó sì jókòó sí ibùdó tí bọ́ọ̀sì kì í dúró sí nígbà tó ń bọ̀ yóò máa wò ó bí ó ṣe ń kọjá. Ìwọ̀-oòrùn ni kí ẹ máa rìn sí, ẹ wọ ọ́ níbi tó bá ti rẹ̀ yín, ẹ gbé e dé Hermits Rest, kí ẹ tó padà. Nínú bọ́ọ̀sì páàkì méjèèjì, ti Zion ni a fi ṣíwájú, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń rìn, kò sẹ́ni tó lè ṣì í wọ̀.

Omi ẹ̀rọ ni àbùkù Grand Canyon. Láti Roaring Springs, lábẹ́ etí àríwá, ni omi South Rim ti ń wá, nínú páìpù kan tó gùn tó kìlómítà 20, tó gba inú ọ̀gbun kọjá, tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí ọdún 60 sẹ́yìn. Ó ti gbó, ó ń bẹ́ léraléra. Nígbà tó bẹ́ níbi púpọ̀ ní oṣù Ògún 2024, wọ́n ní láti ti àwọn òtẹ́ẹ̀lì South Rim fún àwọn tó fẹ́ sùn mọ́jú. Iṣẹ́ àtúnṣe ńlá ń lọ lórí rẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé kan bá ní omi wà ní Bright Angel, ẹ bi òṣìṣẹ́ páàkì láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Lítà mẹ́rin fún ẹnì kan lóòjọ́ ni ìwọ̀n tí Zion fọwọ́ sí. Ó dà bí àsọdùn fún ẹni tó mọ ooru tiwa. Òógùn Àjàṣẹ́ ń rin aṣọ, o mọ̀ pé o ń làágùn. Ti aṣálẹ̀ ń gbẹ kó tó hàn, bí ìgbà ọyẹ́ tí ètè ń là kí ọ̀fun tó béèrè omi. Ẹ má dúró de òùngbẹ. Àpò omi tó ní ọ̀pá fífà dára fún àgbàlagbà torí pé ẹnu kì í kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé rí iye tó kù nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ń fà á títí yóò fi gbẹ lójijì ní agbede ìgòkè. Fún ọmọ, ike lítà kan tó mọ́ gaara ló dára jù: ẹ lè fojú rí i pé kò tíì mu ún. Ìdajì omi yín kò gbọdọ̀ tán kí ẹ tó yí padà ní Zion tàbí Bryce. Ní Grand Canyon, ìdá kan nínú mẹ́ta ni.

Omi nìkan kò tó. Ẹni tó bá ń mu omi ṣáá tí kò jẹ nǹkan oníyọ̀, iyọ̀ ara rẹ̀ ń ṣàn lọ: orí á máa fọ́ ọ, á máa bì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á dàrú, àwọn èèyàn rẹ̀ á sì rò pé òùngbẹ ni, wọ́n á tún fún un lómi sí i. Kúlíkúlí tí wọ́n fi iyọ̀ sí dára gan-an fún iṣẹ́ yìí: kò ń yọ́, kò ń bàjẹ́, ó fúyẹ́, ọmọ ń jẹ ẹ́. Gàrí, ẹ fi í sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì. Omi tí yóò mu, ẹ̀yin lẹ nílò rẹ̀. Ẹ sọ gbogbo oúnjẹ tí ẹ gbé wá láti ilé fún àwọn aṣọ́bodè ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ má sì di ẹran gbígbẹ mọ́ ọn, wọn yóò gbà á. Bí ẹ bá jókòó jẹun, ọ̀kẹ́rẹ́ á dé, kò ní bẹ̀rù yín. Ẹ má fún un ní nǹkan kan: ó ń géni jẹ, owó ìtanràn sì wà lórí rẹ̀.

Ní ti ọ̀nà ọkọ̀, Las Vegas sí Zion jẹ́ bí kìlómítà 260, Zion sí Bryce bí 135. Bryce sí South Rim ló gùn: ẹ ka ju wákàtí márùn-ún lọ. North Rim, etí àríwá, sún mọ́ Bryce jù ú lọ lórí máàpù, àmọ́ iná Dragon Bravo jó Grand Canyon Lodge tó wà níbẹ̀ ní oṣù Agẹmọ 2025, bẹ́ẹ̀ láti etí kan sí èkejì, tó jẹ́ bí kìlómítà 16 lójú òfuurufú, kìlómítà 346 ni ọkọ̀ yóò rìn. Aago náà ń ṣini lọ́nà. Utah, níbi tí Zion àti Bryce wà, ń ti aago síwájú ní wákàtí kan láti oṣù Ẹrẹ́nà sí Bélú, Arizona, níbi tí Grand Canyon wà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà kan lára àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó wà nínú Arizona ń ṣe é. Fóònù inú ọkọ̀ á máa fò síwá sẹ́yìn bí ẹ ṣe ń kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ yà wo Antelope Canyon, ọ̀gbun tóóró kan lórí ilẹ̀ Navajo nítòsí ìlú Page, ẹ bi àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún yín pé aago ibo ni wọ́n kọ sí i, kí ẹ sì fi ọwọ́ yí aago ọwọ́ kan sí i kí ẹ tó kúrò ní Bryce.